Ìyá Dáadáa àti Ọkọ Tí Kò Sí Nílé

Bí iná bá ń jó obìnrin yìí lára, tí ẹ bi í pé báwo ni nǹkan, "Dáadáa ni" ni yóò wí. Ibẹ̀ ni àwa tí a jọ ń fọ aṣọ ní ọsibítù ti sọ ọ́ ní Ìyá Dáadáa. Iṣẹ́ wa ni kí a fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí ẹ̀jẹ̀ àti oògùn ti bà jẹ́, kí a lọ̀ ọ́, kí a sì ká a. Ẹni méjì ló ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan: ìwọ di etí ọ̀hún mú, èmi di etí ìhín mú, a ó fà á kó le, a ó wá pàdé láàárín. Èmi àti òun la jọ máa ń ká. Ẹni tí ẹ bá ń bá pàdé láàárín bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kò sí bí kò ṣe ní mọ ohun tó ń dùn yín.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọkọ rẹ̀ ti kó lọ. Dírẹ́bà ọkọ̀ ẹrù ni, ọwọ́ rẹ̀ sì le bí ọmọ odó. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó bá obìnrin mìíràn lọ. Èmi ní tèmi, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Ìyá Dáadáa kò sọ fún ẹnì kankan. Ní gbogbo Sátidé ni ó máa ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì díẹ̀ tí ọkùnrin náà gbàgbé sílẹ̀, á lọ̀ wọ́n, á sá wọn sórí okùn níta, kí àwọn ará ilé lè rò pé baálé wà nílé. Mo bá a wí títí.

"Àbúrò mi, kì í ṣe gbogbo aṣọ là ń sá sóòrùn," ló dá mi lóhùn.

"Èwo wá lẹ̀ ń sá yìí, Màmá?"

Ó pòṣé, ó ní kí n di etí aṣọ mi mú.

Bí ó bá jẹ́ pé ìtìjú lásán ló wà níbẹ̀ ni, ǹ bá ti gbé ẹnu mi sọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ọmọ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló kú, tó fi ọmọbìnrin kékeré kan sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ìyá Dáadáa ni ọmọ náà ń gbé títí Dírẹ́bà fi fi bẹ́líìtì nà án tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi bó. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ rí ojú ọgbẹ́ náà, ìjọba sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìtọ́jú. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, Ìyá Dáadáa ní òun fẹ́ gba ọmọ àbúrò òun padà. Àwọn ará ọ́fíìsì gbà. Ohun kan péré ni wọ́n béèrè: ọkùnrin yẹn kò gbọdọ̀ sí nínú ilé tí ọmọ máa padà sí. Wọ́n ní àwọn máa pè é, kó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí ilé òun ti rí, kì í ṣe ẹnu ògbufọ̀. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n sì gbọ́ níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àwa méjèèjì fi wọ ilé ẹ̀kọ́ àgbà, nírọ̀lẹ́ tí a bá ti ṣíwọ́. Tíṣà wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, fẹ́ràn "rárá" ju "bẹ́ẹ̀ ni" lọ. Ó ní ẹni tí kò bá lè sọ ohun tí òun kò ṣe, ibi tí òun kò ti ṣe é, àti ẹni tí òun kò bá ṣe é, kò tíì lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ ọ́ sára pátákó: "I do not sleep at work." Ó ní kí a wò ó dáadáa, pé ẹni yìí kò ní òun kì í sùn o, ó ń sùn, níbi iṣẹ́ nìkan ni kì í ti í sùn. Ó ní "not" yẹn á dúró ti ìṣe, àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń ta ènìyàn lè jẹ́ ìdí gbólóhùn, níbi tí "at" tàbí "with" tàbí "for" bá wà. Ó ní kí bàbá ọlọ́dẹ tó jókòó níwájú kà á. Bàbá kà á geere. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ẹni tí kò tíì bá a lẹ́nu géètì níbi tó ti ń hanrun.

"Gẹ̀ẹ́sì yín pé, Bàbá," ni Tíṣà wí. "Òótọ́ ibẹ̀ ló kù."

Òfin Tíṣà ni pé ayé ara ẹni ni kí oníkálukú ti mú gbólóhùn rẹ̀ wá. Èmi ní n kì í bá lanlọ́ọ̀dù mi jẹun, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó kan Ìyá Dáadáa.

"I live with my husband."

"Ẹ fi 'not' sí i, Màmá."

"Yẹ́ẹ̀sì, sà. I live with my husband."

Tíṣà rò pé kò yé e, ó tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé látòkè. Ó yé e ju èmi lọ! Obìnrin tó ń sọ pé ọṣẹ kò sí nínú garawa, pé nọ́ọ̀sì kò wá láti wọ́ọ̀dù, ní Gẹ̀ẹ́sì, láìṣe àṣìṣe kan? Ti ọkọ yìí nìkan ni kò gba ẹnu rẹ̀ jáde.

Bí a bá ń ká aṣọ, mo máa ń fi sí i lẹ́nu. "Ẹ wí i, Màmá. He does not live with me. Kò bá mi gbé."

"Ṣé ẹnu ara mi ni màá fi ba ara mi jẹ́?"

"Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Bí ẹ ò bá kọ̀ ọ́, wọ́n á bù ú fún yín."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Tí mo bá wí i," ló sọ, "ó ti lọ nìyẹn." Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ó wí i níjọ́ kan. Ó wí i kedere, ó tún un wí, omi bọ́ lójú rẹ̀ sórí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Inú mi dùn débi pé n kò bínú nítorí aṣọ náà.

Àwọn ará ọ́fíìsì kọ́kọ́ wá wo ilé rẹ̀. Sátidé ni wọ́n wá, ṣẹ́ẹ̀tì sì wà lórí okùn. Wọ́n wò ó, wọ́n ní kó wá rí àwọn lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Mo sìn ín lọ, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Nígbà tó jáde, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Báwo ló ṣe lọ, Màmá?"

"Dáadáa ni."



Kò pẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pé àwọn ti fi ọmọ fún ẹbí mìíràn, ní ìlú tó jìnnà. A sáré lọ. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní àwọn bi Màmá léèrè nípa ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, kí àwọn má baà ṣì í gbọ́, Màmá alára ló sì ní ọkọ òun ń bá òun gbé, àlàáfíà sì wà. Mo yíjú sí i. Ó wolẹ̀.

"Obìnrin tó ń gbé tíì fún wọn ní ọ́fíìsì ni," ló wí. "Àdúgbò wa ló ń gbé. Bí wọ́n ṣe bi mí báyìí, ló ti ilẹ̀kùn wọlé pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Ó ní, 'Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyàwó Dírẹ́bà.' Ó wá dúró, ó ń fún wọn ní ṣúgà."

Mo fi gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí Tíṣà kọ́ mi bá òṣìṣẹ́ náà sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn ti fojú rí, àwọn ti fetí gbọ́, ta ni kí àwọn wá gbàgbọ́? Ẹyin lohùn, èyí ti fọ́.

Wọ́n gbà kó wá dágbére. Wọ́n mú ọmọ náà jáde sí ẹnu géètì ilé ìtọ́jú, bàtà tuntun ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ọkọ̀ ń dúró. Ìyá Dáadáa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú wọn lè ṣe déédéé.

"Àǹtí, ṣé bọ̀ọ̀dá yẹn ṣì wà nílé?"

"Wọn ò sí nílé." Kò kólòlò, ojú gbogbo wa ló ti wí i. "Wọ́n ti kó lọ tipẹ́. Èmi nìkan ni mò ń gbé ibẹ̀."

Ọmọ náà wò ó. "Ṣé ẹ sọ fún wọn?"

"Rárá."

"Kí ló dé?"

Obìnrin náà na ọwọ́ sí ọrùn aṣọ ọmọ náà, ó ń tún un ṣe. Nígbà tó tún un ṣe tán, ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ó dàbọ̀, mà," gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń kí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú, ó sì wọ inú ọkọ̀.