A Fẹ́ Lọ Wo Erin ní Yánkàrí

Bí mo bá di irin fèrèsé tó ti dógùn-ún mú, tí òórùn rẹ̀ bá kù sí mi lọ́wọ́, Ẹ̀gbẹ́dá ni ọkàn mi ń sá lọ, sí ọ̀sán tí Dádì wá bá mi lójú fèrèsé. Dádì kò bá wa gbé mọ́ nígbà yẹn. Mọ́mì sì ti ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, wọ́n ti lọ síbi iṣẹ́.

Dádì na àwòrán erin sí mi láàárín irin. "Yánkàrí là ń lọ. Jọ́ọ̀sì la máa sùn. Mú súwẹ́tà ẹ o, àárọ̀ kùtù lerin máa ń wá mumi. Kọ́kọ́rọ́ kejì ńkọ́?"

Inú ike gàrí ló wà. Mo wá súwẹ́tà, mo tọwọ́ bọ gàrí, mo mú kọ́kọ́rọ́.

"Dádì, iwájú mọ́tò ni Mọ́mì máa jókòó sí, àbí ẹ̀yìn?"

"Mọ́mì ẹ ò ráyè jàre."

"Ẹ jẹ́ ká kúkú dúró dè wọ́n."

Dádì bojú wo títì. "Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Mo ní n kò rí i.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ká ní mo bá wọn lọ ni, wọn ò ní dá mi padà fún Mọ́mì.

Nígbà tí Dádì lọ tán, mo wọ súwẹ́tà nínú ooru yẹn, mo jókòó ti ilẹ̀kùn tó wà ní títì, mo di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú gírígírí.