Wákàtí Mẹ́fà Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Lò ní Abuja

Inú mi kò tíì rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún ti gorí ọdún. Àwọn kan nínú ẹbí ní kí n gbàgbé. Mo ti gbìyànjú, kò ṣeé ṣe.

Nǹkan bí ọdún 2015 ni. Mò ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Garki, Kubwa sì ni èmi àti ìyá wa ń gbé. Èmi ni mo lọ mú Màámi wá láti ìlú wa ní Kogi nígbà tí ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tí wọn ò lè dá lọ sóko mọ́. Nígbà tí mò ń sọ yìí, òjìji èèyàn nìkan ni wọ́n ń rí. Ohùn ni wọ́n fi ń dá wa mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan ṣoṣo wà lókè òkun. Ó ti lo ọdún mẹ́sàn-án níbẹ̀ láìwálé. Mo sọ ọ̀rọ̀ ojú Màámi fún un lórí fóònù, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. "Máa tọ́jú wọn dáadáa," ni yóò wí, yóò sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Lọ́jọ́ kan ó pè mí pé iṣẹ́ ń gbé òun bọ̀ ní Èkó. Ó ní Abuja ni ọkọ̀ òfurufú àwọn yóò kọ́kọ́ bà sí, ní agogo mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀, èyí tí yóò sì gbé àwọn lọ sí Èkó kò ní gbéra títí di agogo méjì ààbọ̀ ọ̀sán.

"Wákàtí mẹ́fà gbáko nìyẹn," ló wí. "Mi ò fẹ́ kí ìṣẹ́jú kan ṣòfò nínú rẹ̀."

Mo yọ̀. Mo rò pé mo mọ ohun tó fẹ́ fi wákàtí mẹ́fà náà ṣe. Ta ni kò ní mọ̀?

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, Màámi ti wà ní ilé ìdáná kí n tó jí. Wọ́n fi ọwọ́ tẹ ẹ̀gúsí wò bóyá ó kúnná. Wọ́n se ẹja gbígbẹ tí àbúrò wọn fi ránṣẹ́ láti Lọ́kọ́ja, èyí tí wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn láti ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n wọ aṣọ tuntun, wọ́n wé gèlè, wọ́n sì dúró síwájú mi.

"Bá mi wò ó, ṣé ó tọ́?"

"Ó tọ́, Màámi."

Mo gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, mo sì wa ọkọ̀ lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Ẹ̀gbọ́n mi jáde, ó ti sanra, ó dì mọ́ mi. Òyìnbó kan ń tẹ̀ lé e bọ̀.

"A jọ ń ṣiṣẹ́ ni," ló wí. "Mo ti ṣèlérí fún un pé màá fi Abuja hàn án."

"Bùrọ̀dá, Màámi ń retí yín. Oúnjẹ ti délẹ̀."

"Mo mọ̀, mo mọ̀. A ó kàn yí ìlú po díẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà a ó lọ."

Àgbà ló sọ̀rọ̀. Mo wa ọkọ̀.

A lọ síbi tí wọ́n ti lè rí àpáta ńlá tí wọ́n fi ń mọ Abuja dáadáa, wọ́n ya fọ́tò. A dé iwájú mọ́ṣáláṣí àpapọ̀, wọ́n ya fọ́tò. A dé ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà ní tòsí rẹ̀, fọ́tò náà ni. Níbi tí wọ́n ti ń ta ère àti fìlà, ẹ̀gbọ́n mi dé fìlà, ó ṣí i, ó dé òmíràn, bí ẹni pé ó ní odidi ọjọ́ kan lọ́wọ́. Fóònù mi dún. Màámi ni.

"Ibo lẹ dé?"

"A ń bọ̀, Màámi." Mo parọ́ fún ìyá mi.

Kò pẹ́ tí wọ́n tún pè. "Ṣé kí n máa gún iyán náà báyìí? Mi ò fẹ́ kó tutù kí ẹ tó dé."

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi nínú fìlà aláràbarà. "Ẹ dúró díẹ̀ ná, Màámi," ni mo wí. 

Òyìnbó náà wá béèrè ibi tí ìlú àtijọ́ wà. Ó ní gbogbo ohun tí òun rí pátá ló jọ tuntun, ṣé kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ kí ìjọba tó dé ni? Mo dá a lóhùn pé àwọn Gbagyi ni wọ́n ni ilẹ̀, pé abúlé wọn ṣì wà, bíi Kabusa. Ẹnu mi ló kó bá mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká kọjá síbẹ̀.

"Bùrọ̀dá, apá ibí ni Kabusa wà, ọ̀hún pátápátá ni Kubwa wà. Tá a bá lọ síbẹ̀, a ò ní lè dé ọ̀dọ̀ Màámi mọ́."

"Ìwọ ṣáà wa ọkọ̀ jàre."

Mo wà á. Ohun tó ń bí mi nínú jù títí dòní nìyẹn, pé mo wà á.

Ní Kabusa, ìyá àgbàlagbà kan ń bọ̀ lọ́nà, ó gbé igi ìdáná lé èjìká bí àwọn obìnrin wọn ti máa ń gbé ẹrù. Ẹ̀gbọ́n mi sáré dí i lọ́nà, kò kí i, ó na fóònù sí i lójú. Ìyá náà dúró.

"Kai!" ló ké. Ó sọ igi rẹ̀ kalẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Mo kúnlẹ̀, mo fi èdè Hausa kí i pé, "Sànnu, Mama." Ó tún gbé igi rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín.

Ojú ti òyìnbó náà. Bóyá ó kàn fẹ́ yí ọ̀rọ̀ padà ni, ó bi mí bóyá àwọn òbí wa ṣì wà láyé.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi dá a lóhùn, kó lè yé e yékéyéké. Mo ní, "Ìyá wa wà láyé. Ilé mi ní Kubwa ni wọ́n wà. Wọ́n ti ń dáná láti ìdájí. Ojú wọn ń fọ́. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí wọ́n ti rí ọmọ wọn yìí gbẹ̀yìn."

Òyìnbó náà yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "O ò sọ fún mi," ló wí.

Yorùbá ni ẹ̀gbọ́n mi fi kọ lù mí. "Ṣé o fẹ́ dójú tì mí lójú àlejò ni?"

"Ìwọ lo dójú ti ara rẹ."

"Ta lò ń pè ní ìwọ?"

"Ìwọ náà ni!"

N kò pè é bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.  Mo pe Màámi kí n lè tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n aládùúgbò wa obìnrin ló gbé e.

"Ẹ má bínú o, ìyá ní kí n sin àwọn wá sí pápákọ̀. A ti wà nínú takisí. Wọ́n ní bí ẹ ti ń pẹ́ yìí, ó jọ pé ẹ ò ní wá mọ́."

Mo kó wọn sínú ọkọ̀, mo sì sáré wà á lọ sí pápákọ̀. Màámi jókòó sórí pèpéle kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, kúlà oúnjẹ wà láàárín ẹsẹ̀ wọn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pè wọ́n, wọ́n dìde.

"Òkun o, ọkọ mi!" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kíni ní ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú kóòtù. Màámi na ọwọ́ síbi tí wọ́n ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ọwọ́ wọn kò bá nǹkan kan. Wọ́n ń wá a nínú afẹ́fẹ́.

"Màámi, ṣé ẹ ò rí mi ni?" ló béèrè láti ilẹ̀.

"Àìmọye ìgbà ni mo sọ fún un yín!" Mo pariwo débi pé àwọn èèyàn yíjú wò wá.

Ó dìde, ó gbé orí sí abẹ́ ọwọ́ wọn. Màámi fọwọ́ pa á lójú, nímú, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. "O ti sanra," ni wọ́n wí. Ó jókòó sílẹ̀, ó jẹ iyán, omijé ń bọ́ sínú ọbẹ̀. Òyìnbó náà bá a jẹ ẹ́. Omijé yẹn kò tù mí nínú rárá. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí òun àti òyìnbó náà fi wọlé lọ bá ọkọ̀ òfurufú wọn.

Lójú ọ̀nà Kubwa, Màámi ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ wọn ṣáá. Mo ní, "Màámi, ṣé inú ò bí yín ni?"

"Ó bí mi. Ṣé o rò pé mi ò mọ ohun tó ṣe? Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí wọ́n fún mi yẹn, ṣé ìjà ni kí n fi jà tán?"

Ẹ̀gbọ́n mi padà wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì bá wa gbé Màámi lọ sí ọsibítù ojú. Dókítà ní ojú náà ti kọjá àtúnṣe. Ẹ̀gbọ́n mi wá béèrè bóyá ìbá ti san ká ní òun tètè wá. Dókítà tẹjú mọ́ ìwé ọwọ́ rẹ̀.  Mo gbé báàgì Màámi, mo di ọwọ́ wọn mú, a sì jáde.