Etí Òsì Sájẹ́ńtì

Ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni Sájẹ́ńtì lò láyé, àwọn tó wá kí ẹbí ò sì yé sọ pé, "Ẹ má sunkún mọ́, bàbá gbó, bàbá tọ́." Òótọ́ ni. Ọkùnrin náà ti ojú ogun dé, ó kọ́ṣẹ́ káfíńtà, ó fi àga àti tábìlì tọ́ ọmọ mẹ́fà, kò sì sùn síta rí láìjẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ mọ ibi tó wà. Síbẹ̀, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, èyí tó ń ránṣọ, ń sunkún bí ẹni tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé.

Ọ̀rọ̀ ló wà láàárín òun àti bàbá. Nígbà tó wà lọ́mọge, dírẹ́bà kan ló lóun máa fẹ́. Sájẹ́ńtì ní ọtí á ba ayé ọmọkùnrin náà jẹ́. Ọmọ bá la ẹnu gbàù: "Ẹ ti pa ọmọ ọlọ́mọ lójú ogun, ó wá ku ọmọ tiyín!"

Sájẹ́ńtì dìde. Ó mú fìlà, ó jáde.

Kò ju ọdún mẹ́ta lọ tí ọtí dírẹ́bà náà fi lé ọmọbìnrin yìí padà sílé, tòun tọmọ lẹ́yìn. Ó bá bàbá ní ṣọ́ọ̀bù, tó ń ha ẹsẹ̀ àga, eruku igi bo irùngbọ̀n rẹ̀. Ọmọ kúnlẹ̀ lápá òsì bàbá. "Bàbá, mo ṣẹ̀ yín. Ẹ forí jì mí." Sájẹ́ńtì ń ha igi lọ ní tiẹ̀. Ọmọ tún un sọ, ohùn ò ròkè, ojú ń tì í. Bàbá ò gbójú kúrò lára igi. Ọmọ dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù, ó bá tiẹ̀ lọ.

Láti ìgbà yẹn, ọdún méjìlélógún, ó ń wá, ó ń ránṣọ fún bàbá. "Ẹ káàárọ̀ o." "Káàárọ̀." Ó parí. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi lọ́dọ̀ oníbàárà, tó bá ti dé iwájú bàbá, á di odi.

Lọ́jọ́ kẹta ìsìnkú, wọ́n ń palẹ̀ yàrá mọ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin béèrè pé, "Kí ló dé tí Bàbá máa ń fẹ̀gbẹ́ òsì ti ògiri tí wọ́n bá jókòó?"

Ìyá wọn rẹ́rìn-ín. "Etí òsì yẹn ti kú látojú ogun. Ìbọn ńlá ló dún mọ́ ọn. Ó ní n ò gbọdọ̀ sọ fún yín, pé ẹ ó lọ máa jí ṣúgà lápá ibẹ̀!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi aránṣọ.

"Màámi, lọ́jọ́ tí mo padà dé, tí mo lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn rẹ ló rí tó ò ń jáde lọ. Ó ní, 'Ọmọ yìí wọlé, kò kí mi, ó tún jáde. Inú ṣì ń bí i sí mi.' Mo ní kó pè ọ́. Ó ní rárá, tí inú ẹ bá rọ̀, ìwọ fúnra ẹ á sọ̀rọ̀. Kí lo tiẹ̀ wá ṣe lọ́jọ́ náà?"

Aránṣọ kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì bó ṣe tọrọ rẹ̀ lọ́jọ́sí, ó sì pariwo rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ìyá fà á mọ́ra. "Ó ti tó, ọmọ mi. Mo ti forí jì ọ́."

Àmọ́ ìyá kọ́ ni aránṣọ ṣẹ̀.