Ọjọ́ Tí Mo Kúnlẹ̀ Níwájú Kọ̀ǹpútà

Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Gbégamey kí n tó gbójúgbóyà sọ pé mo fẹ́ kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé. Ìmọ̀ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá, ní ilé-ìwé àti láàárín àdúgbò, ló wù mí. Ààyè kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù ní yunifásítì, ọjọ́ orí mi sì ti fẹ́ kọjá èyí tí wọ́n ń gbà. Bí wọn ò bá mú mi lọ́dún yẹn, ó parí.

Orí kọ̀ǹpútà ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, nílé wa ní Agblangandan. Mo lé gbogbo ará ilé jáde àfi ìyá mi, ẹni tí ẹnikẹ́ni kì í lé. Ó ní òun yóò dákẹ́. Mo mọ̀ pé irọ́ ni.

Ìyá àgbàlagbà kan, irun rẹ̀ funfun báláú, ni olórí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà. Ó kí mi ní Faransé. Kí n tó ronú, orúnkún mi ti kanlẹ̀. Wọn ò rí nǹkan kan mọ́ ju ògiri wa lọ. Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń bi ara wọn bóyá ẹ̀rọ ló bàjẹ́, tí ìyá mi náà ń yìn mí láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pé mo ṣe dáadáa. Ojú tì mí gan-an.

Mo dìde, mo tọrọ gáfárà, mo ní mo kúnlẹ̀ kí wọn ni. Ìyá onírun funfun náà kò rẹ́rìn-ín, ó ní kí n ṣàlàyé. Inú ń bí mi sí ara mi débi pé n ò ráyè ṣe ẹnu dídùn. Mo ní bí ọmọ kan kò bá wá sí kíláàsì mọ́, mo máa ń lọ sílé wọn, mo sì máa ń kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà ibẹ̀. Bí mo bá nàró bí ọ̀gá, wọn ò ní sọ ohun tó ń ṣe ọmọ fún mi.

Ó ní, "Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ta ló ń bi í?"

Nínú gbogbo ilé tí mo ti wọ̀, wọ́n á ti ní kí ọmọ bọ́ síta kí àwa àgbà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Mo ní, "Kò sẹ́nì kankan, Màdáàmù. Ohun tí mo fẹ́ wá kọ́ nìyẹn."

Wọ́n gbà mí. Inú mi dùn, mo sunkún. Láìpẹ́, mo lọ sílé ọmọbìnrin kan tí kò wá sí kíláàsì mọ́, ní Godomey. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà rẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ kí ọmọ jókòó tì wá. Mo bi ọmọ náà fúnra rẹ̀ ohun tó ń ṣe é; kò tètè dáhùn. Mo ń dúró dè é.