Igi Tí Àbúrò Mi Fi Ààlè Lé

Mi ò fẹ́ràn ẹyẹ. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ọmọ mi máa ń sọ fún àlejò pé ìyá àwọn fẹ́ràn ẹyẹ púpọ̀, pé ó tilẹ̀ gba ẹyẹ là nígbà kan ní Wagadugu. Ẹni tó bá ń fọ aṣọ funfun lábẹ́ igi tí lékèélékèé kún orí rẹ̀, tó sì tún ní òun fẹ́ràn ẹyẹ, kí wọ́n bá mi yẹ orí rẹ̀ wò.

Dapoya, àdúgbò kan ní Wagadugu, ìlú àwọn Mọ̀sí, ni ilé wa wà, nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣèjọba níbẹ̀. Bàbá mi ń ta aṣọ lọ́jà. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá, ṣùgbọ́n Wagadugu ni wọ́n bí èmi àti àbúrò mi ọkùnrin sí. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìyá wa ti lọ sílé lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, ó sì fi ilé lé mi lọ́wọ́. Mo ti tó wọlé ọkọ nígbà yẹn. Èmi ni mò ń dáná, èmi ni mò ń gbálẹ̀, èmi ni mò ń fọ agbádá funfun tí Bàbá ń wọ̀ lọ sí ìrun Jímọ̀. Igi ọ̀gánwó ńlá kan wà láàárín àgbàlá. Abẹ́ rẹ̀ nìkan ni òòrùn kì í ti í pani, nítorí náà abẹ́ rẹ̀ ni a ti ń ṣe gbogbo nǹkan. Ibẹ̀ ni mo ti ń fọṣọ, ara rẹ̀ ni wọ́n so okùn tí mò ń sá aṣọ sí mọ́, ibẹ̀ náà sì ni àwọn oníṣòwò ará ilé wa máa ń jókòó sí pẹ̀lú Àáfà wọn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, lékèélékèé á dé. Wọn kì í dé ní méjì ní mẹ́ta o. Wọ́n á bo igi náà, wọ́n á kọ́ ìtẹ́ sí gbogbo ẹ̀ka, wọ́n á yé ẹyin, wọ́n á pamọ, láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ni wọ́n á sì máa pariwo bí àwọn tó ń jà sí ogún. Ìgbẹ́ wọn á funfun lórí ilẹ̀ bí ẹfun. Mo ti rí ààbọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ tó já bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀ mi. Màá fọ agbádá Bàbá, màá rì í sínú búlúù, màá sá a, kí n tó yíjú padà wọ́n ti bà á jẹ́. Màá tún un fọ̀.

Ohun tí àbúrò mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá fẹ́ràn láyé yìí nìyẹn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà jẹ́ ọmọbìnrin kan tó ń gbé nínú àgbàlá wa. Ṣakí ni bàbá rẹ̀ ti wá, ọmọ Mọ̀sí ni ìyá rẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo tó bá sọ ti tó fún èdè mẹ́ta. Àwọn méjèèjì jọ ń lọ sí ilé ìwé àwọn Faransé. Bí wọ́n bá ti dé, wọ́n á ju àpò ìwé sílẹ̀, wọ́n á nà gbalaja sórí ẹní lábẹ́ igi, wọ́n á sì máa wòkè. Wọ́n ti mú páálí oníhò gígùn tí wọ́n ń ká aṣọ mọ́ kúrò lára aṣọ títà Bàbá, wọ́n ń fi ojú kan wo ẹyẹ láti inú rẹ̀. Kò sí dígí kankan níbẹ̀! Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń rí nínú páálí tí wọn ò lè fi ojú lásán rí. Àbúrò mi ní ó ń jẹ́ kí òun fọkàn sí ẹyọ ìtẹ́ kan. Aṣọ tí wọ́n tú kúrò lára páálí náà wà nílẹ̀, ó ti rún wómúwómú. Ta ni yóò lọ̀ ọ́?

Wọn ò jẹ́ kí n gbálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, doucement, ẹ rọra," ni àbúrò mi á máa wí. "Ìyá wọn ń fún wọn lóúnjẹ."

"Tí mi ò bá gbálẹ̀, ṣé ìyá wọn ló máa wá gbá a?"

Ọmọ ẹyẹ tó bá já bọ́, inú agbọ̀n ìfọṣọ mi ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí. Wọ́n á lọ mú tata wá láti pápá, wọ́n á máa fi bọ́ ọ. Tata tó bá sá mọ́ wọn lọ́wọ́, yàrá mi ni ń wọ̀.

Wàhálà gidi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọkùnrin àdúgbò gbọ́ pé ọmọ ẹyẹ ti pọ̀ lórí igi wa. Wọ́n á mú rọ́bà tí wọ́n fi ń ta òkúta dání, wọ́n á gun ògiri, wọ́n á ta ọmọ ẹyẹ bọ́ sílẹ̀, wọ́n á lọ sun ún jẹ. Wọ́n gbọ́n, wọn kì í wá àfi nígbà tí àwọn méjèèjì bá wà nílé ìwé. Bí àwọn méjì yìí bá dé, tí wọ́n bá rí ìyẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á yíjú sí mi bíi pé èmi ni mo jẹ ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ṣáà wà nílé," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ẹ lè máa lé wọn."

"Mo wà nílé? Ṣé mò ń ṣeré nílé ni? Ṣé èmi ni gádíẹ̀ẹ́nì tó ń ṣọ́ ẹyẹ yín?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gba ọ̀dọ̀ Ìyá àgbà lọ. Ìyá bàbá mi ni, yàrá tó kángun sí ẹnu ọ̀nà ló ń gbé. Wọ́n bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń dáàbò bo nǹkan nílé tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Inú Ìyá àgbà dùn pé ẹnì kan bi òun ní ọ̀rọ̀ ilé. Ó ní bí àwọn bá to igi ìdáná sójú ọ̀nà oko, àwọn á fi ààlè lé e, ẹni tó bá rí i kò ní fọwọ́ kàn án, nítorí ó mọ̀ pé ohun burúkú á bá òun bí òun bá mú un. Wọ́n bi í pé kí ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó ní àkísà pupa, ògbólógbòó ìgbálẹ̀, ṣúkù àgbàdo, ohunkóhun tó bá ṣáà ti lè dẹ́rù bani.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n so ṣúkù àgbàdo àti ìgbálẹ̀ tó ti gbó tán mọ́ ara igi ọ̀gánwó, wọ́n sì fi gèlè pupa wé e yíká. Gèlè mi ni. Wọn ò tilẹ̀ bi mí.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, mo ń sun tùràrí olóòórùn dídùn nínú ilé, mi ò tíì jáde. Àwọn ọmọkùnrin olókùúta yẹn ti wá. Wọ́n rí ààlè náà. Ọmọ Mọ̀sí ni gbogbo wọn, kò sí èyí tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ààlè. Àkísà ni wọ́n rí. Wọ́n ya ìdajì gèlè mi, wọ́n fi tún rọ́bà wọn ṣe, wọ́n sì ta òkúta sí ẹyẹ bó ṣe wù wọ́n.

Àwọn tí ààlè náà wá dẹ́rù bà ni àwọn àgbà tó dé lẹ́yìn ìrun. Ìsẹ́yìn ni Àáfà ti wá, ọmọ àgbẹ̀ ni. Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó fẹ́ jókòó, ó gbójú sókè, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kù náà wò ó. Kò sí ẹni tó béèrè pé kí ni, gbogbo wọn ló ti rí i lóko bàbá wọn. Ṣé ẹ rí i pé nínú gbogbo Wagadugu, àwọn tó lè ka ààlè kò ju àwọn tó jókòó ka Kùránì lábẹ́ rẹ̀ lọ? Wọ́n ká ẹní wọn, wọ́n lọ dúró sínú òòrùn.

"Irú kí lèyí?" Àáfà bi Bàbá mi. "Ẹbọ nínú ilé Mùsùlùmí?"

Ojú Bàbá mi ti wálẹ̀. Kí n tó di ọmọbìnrin náà lẹ́nu, ó ti bọ́ síwájú.

"Mais non, Bàbá Àáfà, kì í ṣe ẹbọ. Nítorí ẹyẹ ni. C'est pour les oiseaux."

"Ẹ gbọ́," ni Àáfà wí fún àwọn tó kù. "Ẹyẹ ni wọ́n ń bọ."

Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà ń pariwo láti yàrá rẹ̀ pé òun lòun kọ́ wọn, wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín rẹ̀ ni pé kí Bàbá gé igi náà kí Jímọ̀ mìíràn tó kò, àwọn ò lè tún jókòó sábẹ́ rẹ̀. Bàbá ní òun ti gbọ́.

Kí n má purọ́, inú mi dùn. Mo ti ń rí agbádá funfun lórí okùn, tó mọ́ látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ yẹn kò ṣeé jókòó sí. Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàbá, kò dìde.

"Ìyẹ́ wọn kò tíì kún, Bàbá. Wọn ò tíì lè fò. Bí igi bá wó, gbogbo wọn ló máa kú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fò tán, lẹ́yìn náà kí ẹ gé e."

"Mo ti fẹnu mi sọ ọ́ níwájú èèyàn," ni Bàbá wí. Kò jẹun tán.

Àbúrò mi bá tọ̀ mí wá nídìí ìkòkò. Ó ní Bàbá máa ń gbọ́ tèmi, kí n bá àwọn bẹ̀ ẹ́. Mo ní mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Mo ní òun tó fi gèlè mi dẹ́rù ba Àáfà, kó lọ fi orí rẹ̀ bẹ Àáfà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀, mo sì lé àwọn méjèèjì kúrò nídìí iná.

Lọ́jọ́ tí agégi fẹ́ wá, Bàbá jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Kì í tètè jáde bẹ́ẹ̀. Ó ti kìlọ̀ fún àbúrò mi pé kò gbọdọ̀ pa ilé ìwé jẹ, òun àti ọmọbìnrin náà sì lọ, wọ́n ń wẹ̀yìn. Agégi gun kẹ̀kẹ́ dé, ó so àáké mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó kí mi ní Mooré, èdè àwọn Mọ̀sí, ó wòkè.

"Ọmọ ṣì wà nínú ìtẹ́ wọn," ló wí.

"Mo mọ̀."

"Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Inú bí mi débi pé ọṣẹ já bọ́ lọ́wọ́ mi. Bàbá tó fẹnu sọ pé kí wọ́n gé igi ti sá lọ sọ́jà. Àáfà tó pàṣẹ wà ní mọ́ṣáláṣí. Àwọn tó fẹ́ràn ẹyẹ wà nílé ìwé. Èmi tí mi ò fẹ́ràn ẹyẹ, tí mi ò bọ igi, tí wọ́n jí gèlè mi, èmi nìkan ló kù tí yóò na ìka pé ibí ni kó o ti pa wọ́n. Lórí ẹ̀ka tó sún mọ́ wa jù, ọmọ ẹyẹ kan la ẹnu, gbogbo èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà bá la ẹnu, wọ́n rò pé oúnjẹ ni a fẹ́ fún wọn. Bí mo ṣe ń wò wọ́n ni ọ̀kan yàgbẹ́ sára agbádá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàn. Èébú tí mo bú u kò ṣeé kọ síbí.

Mo bu túwó fún agégi, mo ní kó máa lọ, kó padà lẹ́yìn ìkórè jéró. Ó jẹun tán, ó ní "Barka" láti dúpẹ́, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí Bàbá dé, igi ló kọ́kọ́ wò kó tó wò mí.

"Agégi ní ilẹ̀ ti rọ̀ jù," ni mo wí. "Ó ní igi náà lè wó lu ilé."

"Bẹ́ẹ̀ ló wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ló wí."

"Alhamdulillahi," ni Bàbá wí, ó yára wọlé, ó sì jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn títí kan èyí tó kù nínú ìkòkò. Ohun tí mo sọ fún un náà ló sọ fún Àáfà, ojú rẹ̀ kò yẹ̀. Wọ́n sun ààlè náà, wọ́n ṣàdúà síbẹ̀. Wọ́n gbìyànjú láti jókòó sínú òòrùn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó mọ òòrùn ibẹ̀ mọ̀ pé wọn ò lè pẹ́ kí wọ́n tó padà sábẹ́ igi.

Àwọn ọmọ ẹyẹ fò. Wọ́n ń bọ́ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, wọ́n ń lu ara wọn mọ́ aṣọ mi, wọ́n sì lọ. Wọ́n kórè jéró. Agégi padà, Bàbá pa ohùn tó fi sílẹ̀ mọ́, wọ́n gé igi náà. Àbúrò mi bi mí pé ibo ni àwọn ẹyẹ náà máa kọ́lé sí lọ́dún tó ń bọ̀. Mo bi í pé ṣé òun ò lè dúpẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré kó tó béèrè òmíràn ni.

Òjò tún bẹ̀rẹ̀. Mò ń fọṣọ nínú òòrùn, òógùn ń bọ́ sójú mi, aṣọ orí okùn mọ́ tónítóní. Wọ́n dé. Wọ́n yí orí ilé wa ká, wọ́n yí i ká, wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò balẹ̀ sí. Àbúrò mi àti ọmọbìnrin yẹn dúró láàárín àgbàlá, wọ́n ń wòkè. Ohun tó ṣe mí nínú kò dára rárá. Nígbà tí àwọn ẹyẹ ya sápá ibòmíràn, mo kígbe mọ́ àwọn ọmọ méjèèjì pé kí ni wọ́n ń wò, kí wọ́n sáré! Mo fi ọṣẹ sílẹ̀, mo ká ìró mi sókè, mo sáré tẹ̀lé wọn.

A sáré títí a fi dé ibi tí àwọn òyìnbó ń gbé, níbi tí igi pọ̀ sí. Ibẹ̀ ni wọ́n balẹ̀ sí, lórí igi ọgbà ọ̀gá kan. Gádíẹ̀ẹ́nì ọgbà náà jáde sí wa pẹ̀lú ọ̀pá, ó bi mí ní Mooré pé kí ni a ń wá. Mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo ní ẹyẹ wa ni, a wá wò ó bóyá wọ́n ríbi dé sí.

"Ẹyẹ yín?" ló wí. "Wọ́n ti yàgbẹ́ sára mọ́tò ọ̀gá mi. Ẹ yáa kó wọn lọ sílé yín."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Àbúrò mi di ọwọ́ mi mú, a sì dúró síbẹ̀, nítorí kò sí ibì kankan nílé tí a lè kó wọn lọ mọ́.