Ẹsẹ̀ Ajá Tí Wọ́n Fi Adìẹ Wò

Ẹ jẹ́ kí n to ẹ̀ṣẹ̀ wọn bí wọ́n ṣe dá a, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ìbínú ló ń sọ̀rọ̀. Ìbínú ló ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbàgbé nǹkan kan.

Ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ̀bi ni awakọ̀ kan tó ń kó àpò èlùbọ́ bọ̀ láti Ṣakí. Ọdún yẹn ni ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún. Gbogbo Tẹ̀dé, ìlú wa, ló ti gbọ́. Ó dà bíi pé ajá bàbá mi náà gbọ́, torí ibi tí ọkọ̀ tó ń ti Ṣakí bọ̀ kò yẹ kó tún gbà mọ́ ló jókòó sí. Ibẹ̀ gan-an ni lọ́rì náà ti bá a. Awakọ̀ yọrí síta, ó ní, “Ẹ so ajá yín mọ́lẹ̀ o!” Ó sì wakọ̀ lọ. Apá òsì náà ló tún gbà lọ.

N kò ní kọ orúkọ ajá náà síbí. Òwe ni, bàbá mi fi ń bá aládùúgbò kan wí ni, àwọn ọmọ ẹni náà sì ṣì wà láyé.

Ajá kò kú. Eegun kankan kò ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ tuurutu nílẹ̀, ọmọ ìka rẹ̀ ká sábẹ́. Mo já a léèékánná níbẹ̀, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Mo ti gboyè ní yunifásítì nígbà náà, ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo ṣàlàyé fún bàbá mi pé iṣan tí ń jíṣẹ́ láàárín ọpọlọ àti ẹsẹ̀ ló fara pa, pé ó lè san, ṣùgbọ́n yóò pẹ́.

“Yóò pẹ́ tó ìgbà wo?”

“Bí oṣù mẹ́ta, Bàbá.”

“Ohun tí o lọ kà nìyẹn?”

Àbúrò bàbá mi tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ wà níjòókòó. Ọdún Ògún ń bọ̀, kò sì tíì rí ajá. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e fún mi. Ògún kì í ka ẹsẹ̀ ajá. Orí ló ń bèèrè.”

Ìrun márùn-ún ni bàbá mi ń kí lójúmọ́, ṣùgbọ́n ó ní ìbọn, kò sì fẹ́ kí ìbọn náà bínú. Ó dájọ́: bí ajá kò bá fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn kí a tó jẹ iṣu tuntun, kí alágbẹ̀dẹ máa mú un lọ.

Dípò kí wọ́n fi ajá sílẹ̀ fún mi, wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá tí ń to eegun. Ìyẹn mú adìẹ ìyá mi kan, ó dá ẹsẹ̀ rẹ̀ káá, ó fi ọparun tí wọ́n là wẹ́wẹ́ di tòun ti ti ajá, ó sì fi oògùn kan náà ra ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì. “Ọjọ́ tí adìẹ bá rìn, ajá á rìn.” Nínú gbogbo wa tí a wà níbẹ̀, adìẹ nìkan ló pariwo pé ọ̀rọ̀ yìí kò bọ́ sí i.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, adìẹ rìn. Bàbá náà pàṣẹ fún ajá pé kó dìde. Ajá ń wò ó.

“Ajá yìí lágídí.”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, adìẹ ló dá lẹ́sẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì dá a. Ajá kò dá lẹ́sẹ̀.”

Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ bẹ bàbá tí ń to eegun náà. Mo kúnlẹ̀. Nígbà tí a tú ọparun, ibi tí wọ́n dì mọ́ ajá náà ti di egbò.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gba ajá lọ́wọ́ wọn. Mo fi tíúbù kẹ̀kẹ́ rán bàtà fún un, kí ọmọ ìka rẹ̀ má bàa ká sábẹ́ mọ́. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ mo ń fi òrí wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ń ká oríkèé kọ̀ọ̀kan, mo ń nà á. Lẹ́yìn náà mo fi ọ̀já gba abẹ́ ikùn rẹ̀, mo gbé ìdí rẹ̀ sókè, a jọ ń rìn lọ sẹ́bàá kànga, níbi tí àwọn obìnrin tó ń pọnmi ti ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ìyá Ajá, ẹ kú ọmọ o!”

“Ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pọnmọ, òun ń fa ajá.”

“Ẹ fi sílẹ̀, ó kúkú rí ọ̀já lò.”

Mo ní, “Ọmọ tèmi kì í tọ̀ sí mi lẹ́yìn.”

Ìyá mi ní tirẹ̀ kì í bèèrè ju pé, “Ṣé o ti fọwọ́ lẹ́ẹ̀meje? Ṣé o fi erùpẹ̀ fọ ẹ̀kan?” Nítorí àlùwàlá rẹ̀, kò jẹ́ fọwọ́ kan ajá. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni mo ń bá òrí tí wọ́n ti yọ́ lórí iná lẹ́nu ọ̀nà.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni alágbẹ̀dẹ ń yà wò wá bí ẹni tó gbé ẹran kaná. Òjò ń rọ̀, iṣu ń ta, ilẹ̀ ebè bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ajá lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin láìsí ọ̀já, lẹ́yìn náà ni yóò ṣubú.

Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí a jẹ iṣu, alágbẹ̀dẹ dé pẹ̀lú okùn. Ajá dìde, ó rin ìṣísẹ̀ márùn-ún lójú bàbá mi, ó ṣubú.

Alágbẹ̀dẹ ní, “Èyí kì í ṣe ìrìn. Ẹsẹ̀ yẹn ti kú. Ẹ wò ó.” Ó sì fi gìgísẹ̀ bàtà tẹ ẹsẹ̀ náà.

Ajá ké. Ó fo dìde lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó bù ú jẹ ní ojúgun, ó sì lé e títí dé ẹ̀yìn àká.

Bàbá mi wo ajá, ó wo alágbẹ̀dẹ tó ń fò lórí ẹsẹ̀ kan.

“Àbúrò, ẹsẹ̀ tó kú kì í dun ajá. Ká okùn rẹ.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ajá tẹ̀lé bàbá mi lọ sóko. Ó ń tiro, ṣùgbọ́n iwájú ló wà. Alágbẹ̀dẹ ránṣẹ́ pé kí n wá tọrọ àforíjì lórúkọ ajá.

N kò tíì lọ.