Kò Sí Àyè fún Ewúrẹ́ Nínú Ìbéèrè Wọn

Láti ọjọ́ tí ọ̀kadà ti gbé mi ṣubú sórí títì ọlọ́dà lẹ́bàá Ìlọrà, tí orí mi sì fara pa, n kò tún jàre ẹnikẹ́ni mọ́. Bí mo bá ní ọbẹ̀ kò níyọ̀, wọ́n á ní orí ni. Bí mo bá ní òjò ń bọ̀, orí náà ni. Òjò á dé, á pa wọ́n, wọ́n á sì tún máa káàánú mi.

Mo fara dà á títí ewúrẹ́ ẹ̀gbọ́n mi fi jẹ láfún tí mo sá sórí àpáta ní Fìdítì. Mo fẹjọ́ sun olórí ẹbí. Ẹ̀gbọ́n mi dìde láàárín àwọn àgbà, ó kàn fi ìka tọ́ka sí orí mi. Ẹjọ́ parí. Wọ́n ṣàdúrà fún mi, ewúrẹ́ sì lọ ní àlàáfíà.

Kò pẹ́ sí i ni ọsibítù kan ní Ọ̀yọ́ ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n fẹ́ mọ bí ayé ṣe rọ àwa tí orí wa fara pa lọ́rùn tó. Ìyàwó mi sìn mí lọ. Nọ́ọ̀sì ń bèèrè, èmi ń fi nọ́ńbà dáhùn: ọ̀kan ni pé kò sí rárá, márùn-ún ni pé ó pọ̀ kọjá ààlà.

“Bàbá, ṣé ẹ máa ń bínú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?”

“Ẹ kọ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ewúrẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.”

“Ewúrẹ́ kẹ̀?”

Mo ro ẹjọ́ mi fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi yẹ̀. “Bàbá, kò sí àyè ewúrẹ́ níbí o. Ọ̀rọ̀ orí yín là ń bèèrè.”

“Háà! Ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n mi ti pàdé nìyẹn. Ẹ bi mí bóyá wọ́n ń gbà mí gbọ́ nílé. Òdo ni màá sọ, bí kò tilẹ̀ sí òdo níbẹ̀.”

Nọ́ọ̀sì kọjú sí ìyàwó mi. “Màmá, ṣé wọ́n máa ń ṣàdédé bínú?”

Ìyàwó mi wolẹ̀. “Ti ewúrẹ́ yẹn, wọn ò ṣàdédé. Mo rí i. Láfún ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí mo lé e.”

“O rí i, o wá dákẹ́ níwájú àwọn àgbà?”

“Bàbá àwọn ọmọ, wọn ìbá ní ọ̀kadà ti gbé èmi náà ṣubú.”

“O máa sọ ọ́ bí a bá délé.”

“Màá sọ ọ́, bí ẹ ò bá ní pariwo.”

Mo yíjú sí nọ́ọ̀sì, mo sì fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sọ mẹ́rin tí ó kọ fún ìbínú mi di márùn-ún. Àṣé ẹlẹ́rìí mi ti ń bẹ nílé mi láti ọjọ́ yìí, èmi ni mo sì ń bọ́ ọ.